Ìnáwó Ojú, Ìnáwó Inú: Bí Ará Iléṣà Ṣe Lè Ṣọ́ Owó Rẹ̀

Bí owó bá ti há, ẹran inú ọbẹ̀ la kọ́kọ́ ń dín kù. Lẹ́yìn ẹran, ó kan mílíìkì àwọn ọmọ, ó kan oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Bàbá ń lò, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọjọ́ kan kí wọ́n tó lò ó. Àmọ́ aṣọ ẹbí tí àbúrò ìyàwó pín lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ti sanwó rẹ̀ pé. Kò sẹ́ni tó ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wa wò, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló máa rí wa lóde lọ́jọ́ Sátidé.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni màá pín ìnáwó sí níbí. Ìnáwó inú ni èyí tí ara ń jẹ: oúnjẹ, oògùn, owó ilé, owó ilé ìwé, owó ọkọ̀ tó ń gbé wa dé ibi iṣẹ́. Ìnáwó ojú ni èyí tí a ò ní ná ká ní kò sẹ́ni tó ń wò wá. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má náwó ojú o. Ẹni tí kì í báni dáwó, ta ni yóò bá a dá nígbà tó bá kàn án? Kó ṣáà máa gbẹ́yìn, kó sì ní iye. Ìwé gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílùú yìí ń gba ọwọ́ mi kọjá, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe ebi ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wá yáwó.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé Ìjẹ̀ṣà ju ẹlòmíràn lọ. Nínú oríkì wa ni wọ́n ti ń sọ pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ fojú inú wo ẹni náà: ó gbé ẹ̀yinná dání lójú ọ̀nà oko, àwọn tó pàdé ń rẹ́rìn-ín, kò sì torí ẹ̀rín yà lọ ra ìṣáná. Àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ ayé àtijọ́, ńkọ́? Wọ́n á ru aṣọ láti Iléṣà lọ sí Èkìtì, sí Oǹdó, sí Àkókó, títí dé ọ̀nà Kàbbà, wọ́n á tà á láwìn fún àgbẹ̀, wọ́n á ní kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la, Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi. Onígbèsè lojú ń tì, ojú ò ti ẹni tó lóṣòó. Àwa ọmọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ la wá ń yáwó ra léèsì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ oṣù kan sílẹ̀ kí ẹ tó dín ohunkóhun kù

Ẹ ra ìwé jótà kékeré tó lè wọ àpò. Fóònù náà lè ṣe é, àmọ́ mo fara mọ́ ìwé jù, nítorí pé ọkọ àti aya lè jọ máa kọ sínú ẹyọ kan, bátìrì rẹ̀ kì í sì í kú. Ẹ fi rúlà fa ìlà mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó lè pín sí mẹ́rin: ọjọ́, ohun tí ẹ náwó lé, iye rẹ̀, àti àyè tóóró kan tí ẹ óò ti máa kọ I tàbí O. I dúró fún inú, O dúró fún ojú.

Alaalẹ́ ni kí ẹ máa kọ ọ́, kí ẹ tó sùn. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ìdajì rẹ̀ ti pòórá. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti orí fóònù rọrùn, àlátì báǹkì ti bá yín kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó ń sá mọ́ni lọ́wọ́ ni owó tí a ná lọ́wọ́ sọ́wọ́. Ẹ má gbàgbé ṣéńjì tí wọn ò rí fún yín tí ẹ fi gba súìtì, owó tí ẹ sọ sígbá lẹ́ẹ̀mejì nínú ìsìn kan, mínírà tí ẹ ní kí ọmọ sáré lọ rà fún àlejò tó ṣàdédé yà, àti “fi mú gàrí” tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà ní yunifásítì.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú ewé kan, kó lè yé wa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ẹni tó ni ín ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, Òkèsà ló ń gbé. Àpẹẹrẹ ni iye tí mo kọ síbí, kì í ṣe iye ọjà. Kẹ̀kẹ́ Máruwá àlọ àti àbọ̀, ₦600, I. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì, ₦800, I. Ìdáwó ọjọ́ ìbí ọ̀gá, ₦1,000, O. Ata àti tòmátò, ₦1,500, I. Píọ wọ́tà, ₦100, I. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ₦2,000: ó kọ I, ó fagi lé e, ó kọ O. Àbúrò náà ò ṣàìsàn, ebi ò sì pa á. Bàtà páátì ló fẹ́ rà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦6,000, O sì ti gbé ìdajì. Ká ní ẹ bi í léèrè lọ́sàn-án ọjọ́ náà, yóò búra fún yín pé ata àti ọkọ̀ ló gbówó òun lọ.

Lóṣù àkọ́kọ́ yìí, ẹ má yí ohunkóhun padà. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù lọ́jọ́ kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ nínú ìwé ara rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ya owó ọjà kúrò lára owó ilé

Ẹni tó ń gba owó oṣù lè fo ibí yìí. Ẹni tó ń pàtẹ ní Ọjà Atákúnmọ́sà, tàbí tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì, ni mò ń bá wí.

Ká sọ pé ìyá kan ń ta gàrí. Ó ra àpò kan ní ₦60,000. Nígbà tó fi wọ̀n ọ́n ní kóńgò kóńgò tán, ₦69,000 ló pa. Ó ti san ₦2,000 fún ọkọ̀ àti alábàárù, ó sì ra ọ̀rá ₦500. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦6,500. Ọjọ́ márùn-ún ló fi tà á, tó fi hàn pé ₦1,300 lóòjọ́ ló lè jẹ láìfọwọ́ kan ojú owó. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ ń wá gba ₦2,000 owó ọbẹ̀ lábẹ́ àtẹ. Ọjọ́ márùn-ún, ₦10,000. Ó ti jẹ ₦3,500 nínú ojú owó kí àpò yẹn tó tán, èyí tó kàn ò sì ní kún àpò. Bó bá ṣe díẹ̀ sí i, á ní ọjà ò tà mọ́, tàbí pé ayé ló ń ṣe òun. Ọjà tà o. Òun ló jẹ ọjà.

Ẹ wá pọ́ọ̀sì méjì. Owó tí oníbàárà bá san, inú ti ọjà ló ń lọ. Nírọ̀lẹ́, ẹ yọ iye kan tí kì í yí padà sínú ti ilé, bí ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Iye yẹn kò gbọdọ̀ ju èrè ọjọ́ kan lọ, bó ti wù kí ọjà yá tó lọ́jọ́ náà. Bí oníbàárà bá ń san án sí báǹkì, ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn tó jẹ́ ti ọjà nìkan. Gàrí tí ẹ bù lọ sílé náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló wá rà á. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí, wọ́n á ní “ṣebí èmi náà ni mo ni ín.”

Ìgbésẹ̀ kẹta: Lọ́jọ́ tí àlátì bá dún

Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin Nàìjíríà láti oṣù Keje ọdún 2024 ni ₦70,000. Ẹni tó ń gba iye yẹn ò nílò kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ ọ ní ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tó yẹ kó fi pamọ́. Ìpín bẹ́ẹ̀ wà fún ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ ju oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ohun tó ń ran àwa yòókù lọ́wọ́ ni ká mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Owó ilé àti owó ilé ìwé ló yẹ kó ṣáájú, nítorí pé àwọn ni kì í pariwo títí ọjọ́ wọn á fi pé. Ilé tó bá jẹ́ ₦180,000 lọ́dún, ₦15,000 ni lóṣù. Ọmọ tí owó ilé ìwé rẹ̀ jẹ́ ₦45,000 ní táàmù kan, ₦135,000 ni lọ́dún, èyí tó jẹ́ ₦11,250 lóṣù. Owó méjèèjì yìí ò gbọdọ̀ sun inú àkáǹtì tí ẹ ti ń mú owó ọbẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lọ́jọ́ tí owó wọlé gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó pè. Lẹ́yìn ìyẹn ni oúnjẹ inú àpò, oògùn, àti owó ọkọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù la óò pín fún àjọ, fún ẹbí, àti fún òde. Bí kò bá ṣẹ́ kù, òde ló máa dúró, ẹran ò ní dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọjà ríra

Ẹni tó bá ní kí Ìjẹ̀ṣà má jẹ iyán mọ́ kó lè fowó pamọ́, ẹ má dá a lóhùn. Àsìkò ni kí ẹ mọ̀. Iṣu tuntun máa ń dé láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, omi ń bẹ nínú rẹ̀, iyán rẹ̀ kì í dán mọ́rán. Tó bá di ìparí ọdún, iṣu ti gbó, ó ti pọ̀ lọ́jà. Ìgbà yẹn ni kí ilé mẹ́ta mẹ́rin dáwó jọ, kí wọ́n rà á lọ́pọ̀, kí wọ́n pín in. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbin èyí tó kù lọ́wọ́ wọn, owó rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, kò sì ní sọ̀ títí tuntun fi dé. Nírú àkókò yẹn ni àmàlà àti ẹ̀bà ń bá wa dúró.

Àwa náà mọ̀ pé epo inú ọ̀rá àti iyọ̀ ₦100 wọ́n ju ti gálọ́ọ̀nù àti ti àpò lọ. A ń rà á bẹ́ẹ̀ nítorí pé owó gálọ́ọ̀nù ò sí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan ni kí ẹ mú lóṣù kan. Lóṣù yìí, ẹ dáwó pẹ̀lú ará ilé kejì, ẹ ra gálọ́ọ̀nù epo, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò. Èyí tí ẹ bá jèrè lórí epo lẹ fi máa kún owó ẹ̀wà tàbí ìrẹsì lóṣù tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá sì ń ra gàrí tàbí ẹ̀wà, ẹ ti ọwọ́ bọ inú kóńgò kí wọ́n tó fi wọ̀n ọ́n. Àwọn kan ti fi òòlù tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, àwọn kan ti tẹ́ nǹkan sí i nísàlẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á rẹ́rìn-ín, á ní “Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, Mọ̀mí.” Ẹni tó bá fi ìbínú gba kóńgò lọ́wọ́ yín, ẹ bọ́ sí àtẹ kejì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Owó tí owó ń jẹ

Láti ìgbà tí owó bébà ti dàwátì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni oní-POS ti di aládùúgbò gbogbo wa. Mi ò bá wọn jà, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ₦100 ni wọ́n ń gbà lórí ₦5,000. Ẹni tó bá ń gba ₦5,000 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ń san ₦300, ọdún kan á sì kó ₦15,600 lọ. Ìyẹn ju owó ilé oṣù kan lọ nínú àpẹẹrẹ tí mo ṣe lókè.

Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ óò gba owó ọ̀sẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó jẹ́ lẹ́nu ATM báǹkì tiyín, níbi tí wọn kì í ti í gba nǹkan kan. Láti oṣù Kẹta ọdún 2025, bí ẹ bá lo ATM báǹkì mìíràn, ₦100 ni lórí ₦20,000, bí ẹ̀rọ náà bá sì wà níta ọgbà báǹkì, wọ́n lè fi tó ₦500 lé e. Ẹ má máa fi owó ránṣẹ́ ní kéékèèké sí ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ bí báǹkì yín bá ń gbowó lórí rẹ̀. Ẹ pa á pọ̀. Ti ìjọba náà wà níbẹ̀, ₦50 lórí èyí tó bá tó ₦10,000.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ibi tí a ń kó owó sí

Alájọ kì í san èlé, àwa la ń sanwó fún un. Ẹni tó bá ń dá ₦500 lóòjọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ á dá ₦15,000, á gba ₦14,500, nítorí ti ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Síbẹ̀, mo gbà kí ẹni tó ń pàtẹ dá àjọ, torí pé alájọ ń wá bá a nídìí ọjà, owó náà ò sì ráyè sùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí káàdì máa wà lọ́wọ́ yín, kó máa fọwọ́ sí i lójú yín, kí ẹ sì gbà á tán bí oṣù bá parí. Owó ọdún méjì kì í ṣe ohun tí à ń kó sí àpò alájọ.

Èésú yàtọ̀. Ẹni mẹ́wàá dá ₦10,000 lóṣù, ẹnì kan kó ₦100,000. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o, gbèsè ló jẹ láìsí èlé; ẹni tó kó o gbẹ̀yìn ló fowó pamọ́. Ẹ mọ èyí tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó du ipò. Kí ẹ sì má bá ẹni tí ẹ ò mọ ilé rẹ̀ dá a.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni tèmi, nítorí náà ẹ lè sọ pé mò ń polówó ọjà mi. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé owó tí ẹ bá ní nílẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó yá yín, èlé rẹ̀ sì máa ń ṣe é gbọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni ìdúró. Bí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé pé ẹ dúró fún ẹnìkan, tí kò sì san án, owó tiyín ni wọ́n máa mú. Ojú ló ń jẹ́ ká fọwọ́ sí i, kí wọ́n má baà ní a burú. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè fún ẹni náà ní iye yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti báǹkì, ìjọba ní àjọ kan, NDIC, tó ń dáàbò bo owó àwọn ará ìlú bí báǹkì bá wó. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ó ti di ₦5,000,000 fún báǹkì ńlá, ₦2,000,000 fún báǹkì kékeré tí wọ́n ń pè ní máíkírófáínáǹsì. Àjọ àti èésú kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Gbomú-lé-láńtà, ìyẹn àwọn tó ń yáni lówó tí a ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo kí ẹ tó gbowó: èló ni màá san lápapọ̀? Bí wọ́n bá yá yín ní ₦100,000, tí ẹ óò máa san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, ₦120,000 ni, kò tíì kan owó fọ́ọ̀mù tí wọ́n á ti yọ kí owó tó kàn yín lọ́wọ́. Bí ọjà tí ẹ fẹ́ fi rà kò bá lè mú ₦5,000 wá lọ́sẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ padà sílé.

Ìgbésẹ̀ keje: Àwìn

Ẹni tó ń tà láwìn, ẹ gbọ́ bí ìyá oníbúrẹ́dì kan ṣe ń bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀:

“Mọ̀mí, ẹ bá mi kọ méjì sílẹ̀. Ìparí oṣù ni.”

“Ti ọ̀sẹ̀ tó lọ ńkọ́, ọmọ mi?”

“Màá pa á pọ̀ mà, ẹ má bínú.”

“Inú ò bí mi. Èló lo mú wá lónìí?”

“Ẹ gba ẹgbẹ̀rún kan ná.”

Kò bú u, kò kọ̀ fún un, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tuntun ò kúrò lórí àtẹ láìjẹ́ pé nǹkan kan wọlé lórí ti àtijọ́. Bí àwọn Òṣómàáló ti ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn: gbèsè wọn kì í dúró sójú kan, á máa sún díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní iye tí àwìn ẹnì kan ò gbọdọ̀ kọjá, kí ẹ kọ orúkọ, ọjọ́, àti iye, kí ẹni náà rí i bí ẹ ti ń kọ ọ́. Fọ́tò onígbèsè tí àwọn kan ń gbé sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, mi ò rí ọgbọ́n níbẹ̀. Òṣómàáló jókòó ti ẹni tó jẹ ẹ́, kò lọ pariwo rẹ̀ fún ìyàwó ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Onígbèsè tí wọ́n ti tú àṣírí rẹ̀ ò ní nǹkan kan tó tún ń dáàbò bò mọ́, kò sì ní san án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà láwìn, ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ ti jẹ gbèsè sórí ewé kan, láti orí èyí tó kéré jù. Èyí tó kéré jù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ san tán, kí ẹ lè máa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kan kọjá láìyà sí kọ̀rọ̀. Èyí tó ń gba èlé nìkan ló lè ṣáájú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Òde

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí, torí pé abẹ́ O ló pọ̀ jù sí nínú ìwé gbogbo wa.

Aṣọ ẹbí kì í ṣe owó aṣọ nìkan. Ẹ ṣírò rẹ̀ délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: aṣọ ₦25,000, owó télọ̀ ₦10,000, gèlè àti ẹni tó wé e ₦5,000, ọkọ̀ ₦4,000, èyí tí a ná sójú agbo ₦6,000. ₦50,000 ti lọ. Ohun tí a gbé bọ̀ ni ìrẹsì, ẹran kan, àti abọ́ ike tí wọ́n ya fọ́tò òkú sí lára. Nínú oṣù kan náà, oògùn Bàbá tán fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó ra òmíràn.

Kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, tàbí nígbàkígbà tí ẹ bá ka èyí, ẹ fi iye kan sílẹ̀ fún òde fún gbogbo ọdún. Ẹ wá pín àwọn tó lè pè yín. Ọmọ ìyá, òbí, àna tó súnmọ́ni: ẹ ra aṣọ wọn, ẹ ṣe é délẹ̀. Ọ̀rẹ́, ará ibi iṣẹ́, ará ìjọ: ẹ wọ aṣọ tó wà nílé, ẹ fi nǹkan sínú ẹ́ńfílóòpù. Ẹni tó kàn mọ̀ yín: ẹ pè é láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ ṣàdúrà fún un. Èyí tó pọ̀ jù ló wà nínú ẹgbẹ́ kẹta yìí, àwọn la sì ń náwó fún bí ọmọ ìyá.

Kíkọ̀ ní bó ṣe ń lọ. Ẹ tètè kọ̀ ọ́, kí wọ́n tó gbé aṣọ wá sílé. Ẹ má parọ́ pé ẹ ń rìnrìn àjò. Ẹ má sì sọ pé kò sówó, nítorí èsì rẹ̀ ni “Ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀.” Ẹ sọ pé: “Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín yọ̀ gan-an. Mi ò ní ra aṣọ, àmọ́ ẹ fi iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́, màá ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.” Ẹni tó bá bá wọn gé ẹran láti aago márùn-ún ìdájí, kò sẹ́ni tó máa rántí aṣọ tó wọ̀. Bí wọ́n bá ti já aṣọ sílẹ̀ nílé yín láìbéèrè, ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ méjì, kí ẹ fúnra yín gbé e lọ, kí ẹ má rán ọmọ. Aṣọ tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan nílé yín ti di tiyín.

Ti owó lílẹ̀ mọ́ni níwájú orí: òfin báǹkì àpapọ̀ ọdún 2007, abala kọkànlélógún, ti ka á léèwọ̀ láti máa fọ́n náírà tàbí jó lé e lórí lóde àríyá. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Àwáwí tó dára jù lọ ni ìjọba fún yín yẹn, ẹ lò ó. Ẹ́ńfílóòpù ò ní òfin.

Ìparí ọdún lẹnu rẹ̀ máa ń mú jù, nígbà tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá ń wálé fún ọdún Ìwúdé àti Kérésìmesì, tí ọkọ̀ tó dúró síwájú ilé ń bá ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ díje. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti òde bọ̀, owó ilé ìwé oṣù Kìíní ni kí ẹ kọ́kọ́ san kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ wà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má torí pé àbúrò dé láti Èkó kí ẹ wá pa ewúrẹ́ tí ẹ ń sìn dè táàmù kejì.

Ti ẹbí tó ń béèrè owó ò le tó ti òde, bí ẹ bá ti ní iye tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un lóṣù. Bí ó bá ti tán, ẹ sọ pé “Ti oṣù yìí ti tán, ẹ rán mi létí ní ọjọ́ kìíní,” kí ẹ sì mú un ṣẹ bí wọ́n bá rán yín létí. Àìsàn ò sí nínú èyí. Ti àìsàn, ẹ ya owó tirẹ̀ sọ́tọ̀, bó ti wù kó kéré mọ.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Alẹ́ tí oṣù bá parí

Ẹ jókòó pẹ̀lú ìwé yẹn, ọkọ àti aya bí ẹ bá jẹ́ méjì. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ro gbogbo I pọ̀, ẹ ro gbogbo O pọ̀, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé “ìwọ lo ná a.” Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ò ní rí òótọ́ kà nínú ìwé lóṣù tó ń bọ̀.

Kí ẹ mú ohun kan péré lábẹ́ O, èyí tí ó dun yín jù nígbà tí ẹ rí i, kí ẹ dín in sí ìdajì fún oṣù tó ń bọ̀. Ìdajì tí ẹ yọ yẹn, ẹ kọ orúkọ ohun inú tí ó máa lọ bá síwájú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: oògùn Bàbá, ẹran, mílíìkì. Ní ọjọ́ tí owó bá wọlé, ẹ ra ohun náà kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn, kí ẹ sì ṣí ojú ewé tuntun.